Ẹkún tí Saturia Pè ní Àlùbọ́sà

"Àlùbọ́sà ni, Nolberta. Ìgbà mélòó ni kí n sọ ọ́ fún ẹ? Wọ́n la àlùbọ́sà pupa sí méjì, ọmọbìnrin tó ń kun àtíkè fún wa fi pa mí nípéǹpéjú, omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ìwọ náà, ṣé o kì í gé àlùbọ́sà nílé ọkọ ẹ ni?"

"Mò ń gé e, Àǹtí."

"Ṣé òkú lò ń sunkún ẹ̀ nígbà náà?"

"Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ló já mi láyà. Wọ́n ní tí wọ́n bá fi sinimá yẹn hàn lọ́la, gbogbo ìlú máa rí i pé Àǹtí Saturia sunkún níbi àìsùn áńgẹ́lì."

"Àìsùn irọ́. Ọmọ irọ́, pósí irọ́, omijé irọ́. Gbé orí ẹ sókè jàre, o ti fẹ́ ba ìlà tí mo là jẹ́."

Nolberta gbé orí sókè. Ó jókòó sílẹ̀ sáàárín orúnkún Saturia ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onípákó tí ó dúró lórí òpó, oyún oṣù méje ti gbé aṣọ rẹ̀ síwájú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Saturia Grueso, ẹni tí ó ń di irun fún un, ti lé díẹ̀ ní ọdún márùndínláàádọ́ta. Wọn kì í ṣe ìbátan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, bí wọ́n ti ń ti ilé ìjọsìn bọ̀, Nolberta ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ ìyá ìsàmì fún ọmọ tí ń bọ̀, pé ọwọ́ rẹ̀ ni kí ọmọ náà wà nígbà tí àlùfáà bá da omi sí i lórí.  Saturia yà sẹ́yìn ilé ẹnìkan kí ó tó padà wá sọ pé òun gbà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní Boca Limones, níbi tí odò ti ya ẹnu sínú òkun Pàsífíìkì ní ìwọ̀-oòrùn Kòlóńbíà, àwọn baba ńlá tí wọ́n kó wá ṣe ẹrú nídìí ìwakùsà góòlù fi òfin kan sílẹ̀ tí àlùfáà kankan kò rí tì kúrò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje kì í kú bí àgbà ti ń kú. Áńgẹ́lì ni ó ń dà. Wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a wọ̀ ọ́ ní funfun, wọn a fi òdòdó bébà dé e ládé, wọn a sì máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ tijótayọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún, ìyá ọmọ ni kò tilẹ̀ gbọdọ̀ rò ó. Ìyẹ́ áńgẹ́lì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni. Omijé tí ó bá kán sí i ti rin ín nìyẹn, ìyẹ́ tí ó tutù kò sì lè fò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a há sí agbede méjì òrùlé àti ọ̀run, òtútù a máa mú un, a máa ké, ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́. Ìyá ìsàmì ni yóò wẹ ọmọ bí ibi bá ṣẹlẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé e jó, nítorí náà obìnrin tí ojú rẹ̀ gbẹ ni wọ́n ń wá. "Ojú ẹ̀ gbẹ." Ní ìlú náà, kò sí ìyìn tí wọ́n lè yin obìnrin tí ó ju èyí lọ.

Nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ létòlétò, orin mọ́kànlá ni àìsùn áńgẹ́lì ní, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, ọmọdé tí ó bá fi ìkẹta ṣáájú ìkejì yóò gba ìkó lórí. Nísinsìnyí wọn a gbé àpótí olóhùn ńlá sí ẹnu ọ̀nà, wọn a tẹ bọ́tìnnì, àwọn ọ̀dọ́ a sì ti lọ kí wọ́n tó dé orin ìkẹrin. Saturia nìkan ni ó kù lára àwọn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún tí ó mọ mọ́kànlá náà pé. Bí ọmọ bá kú ní ilé kan, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí.

Bí ó sì ṣe rí ipò náà gbà ni pé ọmọ tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọrin fún. Yadira ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ibà gbé e lọ láàárín ọjọ́ méjì, ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Saturia gbé òkú ọmọ náà sí apá, ó dá orin kìn-ín-ní fúnra rẹ̀, ó sì jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò rin. Àwọn ènìyàn wa ọkọ̀ láti odò mìíràn wá wò ó. Lẹ́yìn ọdún kan ọkọ rẹ̀ lọ wá iṣẹ́ sí èbúté Buenaventura, kò sì padà. Kò tún bímọ mọ́. Ojú gbígbẹ yẹn ni ó kù fún un, òun ni gbogbo ìlú sì ń kí i fún.

Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí ni Jimena dé láti Bógótà, olú ìlú Kòlóńbíà, pẹ̀lú ènìyàn mọ́kànlá àti àpótí irin tí kò níye. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ó ń ṣe sinimá nípa ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó rí Saturia ní etí odò, ó ní ojú rẹ̀ ni òun ń wá. Inú ilé ni wọ́n ti ya àìsùn náà, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n sì lé àwọn ará ìlú sẹ́yìn ọgbà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, Jimena ní kí ó sunkún. Saturia ní a kì í sunkún níbẹ̀. Jimena ní òun mọ̀. Pé ìyá inú ìtàn yìí ni kò lè mú un mọ́ra, pé ohun tí sinimá náà dá lé nìyẹn. Wọ́n gbé àlùbọ́sà wá nítòótọ́. Saturia wò ó, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ó tẹjú mọ́ ọmọláńgidi tí wọ́n fi aṣọ funfun dì sí orí tábìlì, ó sì pe Yadira.

Ohun tí ó jáde láti inú rẹ̀, òun pàápàá kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó parí, Jimena fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ó lè tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ohun tí kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé nìyí: ó dùn mọ́ ọn. Bí ẹni tí ó ti ru igi láti ọdún pípẹ́ tí wọ́n wá bá a gbé e kalẹ̀ ni ó rí lára rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni ó ṣe é, ní ẹ̀ẹ̀kẹrin kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́.

Obìnrin tí ń dáná fún àwọn oní-sinimá ni ó gbé e jáde pé ohùn ẹkún ni òun gbọ́. Saturia sọ pé àlùbọ́sà ni, ìlú sì gbà á gbọ́, nítorí pé ojú Saturia ni ojú Saturia.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta, wọ́n fi tapólì dúdú bo fèrèsé gbọ̀ngàn ìjọ kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé. Ooru inú rẹ̀ tó èyí tí a fi ń yan ẹja. Láyé fádà àtijọ́, bí wọ́n bá ta aṣọ funfun láti fi ìtàn àwọn ẹni mímọ́ hàn, ọkùnrin a ṣí fìlà, obìnrin a bo orí, gbọ̀ngàn a pa lọ́lọ́. Ní ọjọ́ yìí wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, wọ́n ń bú ara wọn láti ìjókòó dé ìjókòó. Saturia wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí ó fi ń lọ sí ọdún, ó jókòó sí iwájú, Nolberta ní ọ̀tún rẹ̀. Màmá Hermencia, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó sì kọ́ Saturia ní orin mọ́kànlá náà, fi ọwọ́ lé orí ọ̀pá rẹ̀ ní ìjókòó kejì.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀, ariwo sọ.

"Adìẹ mi! Adìẹ mi rèé! Èyí tó sọnù!"

"Kò sọnù, ìwọ lo sè é jẹ."

"Ẹ wo ẹ̀yìn mi!" Plutarco Riascos ni ó pariwo, apẹja kan tí kò rí ohun kan rí kí ó má sọ̀rọ̀ sí i. "Ẹ̀yìn mi rèé lórí ọkọ̀! Ẹ̀yìn yìí ti wọ Bógótà, ẹ̀yin ò tíì débẹ̀!"

Òṣèré tí ó ṣe ọkọ Saturia nínú sinimá náà, ará ìlú ńlá Cali ni, kò mọ ọkọ̀ wà. Bí ó ti mú àjẹ̀ ni wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ọbẹ̀ ló ń rò ni? Arákùnrin, odò nìyẹn o, kì í ṣe ìkòkò!" Saturia náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn. Ó rí ara rẹ̀ tí ó tóbi ju ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Nígbà tí ó di ibi àìsùn, ẹ̀rín dákẹ́. Wọ́n rí tábìlì, wọ́n rí adé òdòdó, àwọn obìnrin mélòó kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn nítorí pé wọ́n to àbẹ́là bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ni ojú Saturia kún ara aṣọ funfun náà láti òkè dé ilẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà níbẹ̀.

"Ṣìọ̀!" ni obìnrin kan ṣe lẹ́yìn.

"Ó ń da á sórí ọmọ! Ẹ wò ó, orí ọmọ ló ń da á sí!"

Nolberta yí ojú sí Saturia nínú òkùnkùn. Kí Saturia tó sọ nǹkan, Plutarco ti gbà á lẹ́nu wọn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, àlùbọ́sà ni! Ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà ṣiṣẹ́ ẹ̀!"

Ẹ̀rín padà wọlé. "Ó ti dé imú o!" "Ẹ wo ikun! Ẹ fún un ní aṣọ ìnujú!" "Irú àlùbọ́sà yìí, ẹ fún mi ní kóró kan, kí n fún ìyá ìyàwó mi!" Lórí aṣọ funfun náà, ẹnu Saturia ń ya sọ́tùn-ún sósì bí ẹnu ẹja tí wọ́n sọ sórí ilẹ̀, wọ́n ti fi dùùrù bo ohùn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Òun nìkan ni ó rí i pé Yadira ni ẹnu náà ń pè. Ó wo ẹnu náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, ó fi ọwọ́ lu itan.

"Àlùbọ́sà ìlú Ocaña ni!" ni ó kígbe. "Ìyẹn kì í ṣeré! Ìdajì péré ni wọ́n lò o, ká ní odindi ni, ojú mi ì bá yọ!"

Gbọ̀ngàn fẹ́ẹ̀ wó. Nolberta, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, fi orí lé e léjìká, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

Bí sinimá ti parí, tí wọ́n ká igun tapólì kan sókè, Jimena, tí ó gbé sinimá náà wá láti Bógótà, dìde níwájú. Ojú rẹ̀ pọ́n. Inú ti bí i láti ìgbà tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ń wá bí yóò ṣe gbèjà obìnrin tí ó fẹ́ràn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, mi ò mọ ohun tó ń pa yín lẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún yín pé àlùbọ́sà ni? Màmá Saturia ò jẹ́ kí wọ́n fi àlùbọ́sà kan òun. Yadira, ọmọ ẹ̀ tó kú, ló sunkún fún. Omijé tòótọ́ ni ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn. Ní Bógótà, gbogbo èèyàn dìde fún un. Ẹ dìde, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni ó ń pa á.

Nolberta gbé orí kúrò ní èjìká Saturia.

"Irọ́ ló ń pa," ni Saturia wí. Ó ti dìde. "Ó fẹ́ kí ọjà ẹ̀ tà ni. Ẹ ò mọ àwọn ará Bógótà ni? Àlùbọ́sà ni. Mo ní àlùbọ́sà ni."

"Màmá Saturia!" Ohùn Jimena fọ́. "Èmi ni mo ń parọ́? Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín nítorí wọn, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó lẹ́wà jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó wà nínú ẹ̀rọ níbí, ohùn yín wà níbẹ̀, bó ṣe rí kí n tó fi dùùrù bò ó. Wọ́n máa gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ á tán." Ó kọjú sí ọkùnrin tí ó jókòó ti ẹ̀rọ. "Fi í hàn wọ́n. Gbogbo ẹ̀."

"Má fi í hàn," ni Saturia wí, ṣùgbọ́n wọ́n ti já tapólì sílẹ̀.

Dùùrù kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohùn ọkùnrin kan lára àwọn oní-sinimá ka iye ìgbà tí wọ́n ń yà á, lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. *Yadira. Yadira, màmá ẹ rèé. Dìde, Yadira.* Kì í ṣe ohùn orin tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Ohùn ẹran tí ó há sínú wáyà ni. Ó dákẹ́. Àwòrán ṣẹ́jú, ohùn Jimena sọ pé ó dára púpọ̀, ṣé ó lè tún un ṣe, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Màmá Hermencia fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ọ̀kan," ni ó wí. Nígbà tí èyí tí ó tẹ̀lé e parí, ó tún lu ilẹ̀. "Èjì." Ọ̀pá náà tún balẹ̀. "Ẹ̀ta." Ní èyí tí ó kẹ́yìn, wọ́n gbọ́ Jimena tí ó ń sọ pé ó tó, Màmá, a ti rí i yà, ẹ sinmi, wọ́n sì gbọ́ Saturia tí ó ń bá a lọ.

"Ẹ̀rin," ni Màmá Hermencia wí.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà wọlé, gbogbo ojú ni ó wà lára ojú Saturia. Ó gbẹ. Ó gbẹ bí ẹ̀fúùfù ọyẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ó fi omijé kan ṣoṣo ra ẹ̀mí rẹ̀ ní àkókò náà, kì bá rí i san. Nolberta tẹ̀ síwájú, ó wo inú ojú rẹ̀ fínnífínní bí ẹni tí ń wo ojú ẹja lójú ọjà bóyá ó ti bàjẹ́.

"Ó gbẹ," ni ó wí.

"Ó ti lò ó tán," ni obìnrin tí ó wà lẹ́yìn dáhùn. "Ó ti kó gbogbo ẹ̀ fún àwọn ará Bógótà."

Ọkùnrin arúgbó kan gbìyànjú àánú. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún kúrò ní kékeré, pé Yadira yóò ti dé ọ̀run tipẹ́tipẹ́ kí ẹkún yìí tó dé.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti dé?" ni Màmá Hermencia bi í. Kò gbé ohùn sókè. "Ìyá ẹ̀ ló sọ fún wa pé ojú òun gbẹ. Ìyá ẹ̀ náà ló sọ fún wa pé àlùbọ́sà ni. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?" Ó yí sí Saturia. "Saturia, èmi ni mo fi orin sí ẹ lẹ́nu. Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ mọ́. Kí n tó kú, mo máa wá ẹlòmíì tí mo máa kọ́."

"Òun ló kọrin fún Wilmer mi," ni Clímaca, ìyàwó oníbúrẹ́dì, wí lójijì. Ó di ẹnu mú. "Òun ló gbé e. Ọwọ́ ẹ̀ ló wà."

"Ti èmi náà," ni ẹlòmíràn wí. "Àwọn méjèèjì."

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ wọn tí ó ti kú, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti ka iye náà dé òpin. Ẹni tí ó bá fẹ́ sunkún nínú wọn kò gbọdọ̀ sunkún. Ó le débi pé bí Plutarco ti la ẹnu, ẹ̀bùn ni gbogbo wọn rò pé ó fún wọn.

"Kí ló wá kù?" ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká kó agbòjò ránṣẹ́ sí wọn lókè ọ̀hún!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú, wọ́n sì ń tú jáde sí oòrùn ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín náà lẹ́nu. "Agbòjò o!" ni àwọn ọmọdé ń kọ lójú ọ̀nà. "Agbòjò fún Yadira!"

Jimena wá di mọ́ Saturia lọ́rùn, ó ń sunkún. Omijé rẹ̀ ń ṣàn sínú ọrùn aṣọ aláwọ̀ ewé náà. "Wọn ò mọ iyì yín, Màmá. Wọn ò mọ̀ ọ́n rárá. Mo gbìyànjú."

"O gbìyànjú," ni Saturia wí. Ó tú ọwọ́ ọmọbìnrin náà kúrò lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Máa lọ, ọmọ mi. Ọkọ̀ ojú omi yín máa gbéra kí omi tó fà."

Nolberta dúró dè é ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun jẹ́ iṣẹ́ náà.

"Àǹtí, ẹ ṣeun fún irun. Ó dára púpọ̀."

"O káre."

"Màmá Hermencia ní òun á bá mi gbé ọmọ. Wọ́n ti dàgbà, àmọ́ wọ́n ní ọwọ́ àwọn ṣì lágbára."

"Ọwọ́ wọn lágbára," ni Saturia wí.

"Ẹ má bínú sí mi. Ẹ mọ̀ pé ká ní ti èmi nìkan ni..." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn. "Ohun kan ló kù, Àǹtí. Tí ẹ bá ń lọ sódò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba ẹ̀yìnkùlé àwọn Riascos. Ẹ má gba iwájú ilé wa. Títí màá fi bí i. Àti lẹ́yìn ìgbà tí mo bá bí i náà, fún ìgbà díẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Ṣé kò bí yín nínú?"

"Lọ sílé, Nolberta. Oòrùn ò dáa fún aboyún."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, omi fà ní kùtùkùtù. Àwọn obìnrin Boca Limones a máa lọ sínú igbó ẹ̀gbà, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró nínú omi iyọ̀, nígbà tí omi bá fà, láti wa piangua, ìsáwùrú aláwẹ́ méjì tí ó ń sùn nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ gbòǹgbò. Ọkọ̀ ìyá Nolberta ni Saturia ti ń bá wọn wọ̀ láti ọdún méje. Nígbà tí ó gba ẹ̀yìnkùlé àwọn Riascos dé etí odò, wọ́n ti to garawa wọn sí ibi tí ó máa ń jókòó, wọ́n sì ń wo ọ̀nà mìíràn.  Ó yá ọkọ̀ kékeré kan tí ó wà ní àyálò fún ẹnikẹ́ni, ó wà á lọ sí apá òsì igbó náà, níbi tí ẹrẹ̀ ti jìn.

Ó dáná sí èèpo àgbọn nínú agolo kí èéfín lé ẹ̀fọn, ó so agolo náà mọ́ ìbàdí, ó sì kúnlẹ̀. Ó ti apá ọ̀tún bọ inú ẹrẹ̀ títí dé èjìká. Ó fọwọ́ wá piangua kiri lábẹ́ gbòǹgbò, ó fa ọ̀kan yọ, ó fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n bí òfin etí odò ti wí. Ó kéré, kò tíì tó mú. Ó dá a padà sínú ẹrẹ̀, ó sì tún ti apá bọ̀ ọ́.